Bí Bátìrì Fóònù àti Àtùpà Wa Yóò Ṣe Pẹ́ Lọ́wọ́ Wa

Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé ẹ̀ka wa ní Mọ́níyà

   

Nígbà tí akọ̀wé wa ka ohun tí a ó sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí, àwọn kan rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ẹgbẹ́ tó yẹ kó máa jà fún owó oṣù ni ó wá jókòó tí ó ń sọ̀rọ̀ bátìrì. A gbọ́ o. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á bi ara wa léèrè: mélòó nínú wa ni kò ra bátìrì tàbí fóònù mìíràn láàárín ọdún méjì yìí? Owó oṣù tó kéré jù lọ tí ìjọba àpapọ̀ fi òfin gbé kalẹ̀ ní oṣù keje ọdún 2024 jẹ́ ₦70,000. Fóònù tó dára díẹ̀ lè gbé gbogbo owó yẹn mì, kó sì tún na ọwọ́ fún òmíràn. Bí ohun tó yẹ kí á lò fún ọdún mẹ́rin bá kú ní ọdún kan àbọ̀, owó oṣù wa ni ó jẹ. Kò sì sí ìpàdé tí a ó bá àwọn ọ̀gá ṣe tí yóò dá a padà.

Ẹ rántí ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, nígbà tí wọ́n ń pààrọ̀ owó náírà, tí owó bébà di ohun àwátì, tí àwọn ènìyàn ń sun ẹnu ọ̀nà báǹkì mọ́jú. Fóònù ni ó di àpò owó wa nígbà náà. Ọ̀kan nínú àwọn awakọ̀ wa gbé èrò láti Mọ́níyà yìí lọ sí Ìjàyè. Gbogbo wọn fi owó ránṣẹ́ sínú fóònù rẹ̀, ó rí i pé owó wọlé. Ó wá fẹ́ ra epo tí yóò fi padà. Fóònù náà sọ pé òun ṣì ní 31 pasẹ́ǹtì. Ó tẹ̀ ẹ́ báyìí, iná rẹ̀ kú. Ó tàn án, ó tún kú. Owó wà níbẹ̀, kò rí i mú jáde. Kò sí iná ìjọba nínú ìlú lálẹ́ ọjọ́ náà, ẹni tó ní jẹnẹrétọ̀ sì ti ti ilẹ̀kùn. Inú ọkọ̀ ni bàbá yìí sùn. Ó jókòó sí ẹ̀yìn lọ́hùn-ún, ó ń fi fìlà bojú, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ni ó ní kí á sọ ọ́.

Kí ló dé tí fóònù tó ní 31 pasẹ́ǹtì fi lè kú lójijì? Ẹ jẹ́ kí á wo inú bátìrì náà. Èyí tó wà nínú fóònù wa lónìí, lítíọ̀mù ni. Pẹlẹbẹ méjì ni ó wà nínú rẹ̀, omi oògùn kan sì wà láàárín wọn. Bí a bá ń ṣájì, lítíọ̀mù a gba inú omi yìí kọjá sí ẹ̀gbẹ́ kan. Bí a bá ń lo fóònù, a rìn padà sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Ẹ̀yin awakọ̀ ni èyí yóò tètè yé. Ó dà bí èrò tí ọkọ̀ ń kó láti Ọ̀jọ́ọ̀ wá sí Mọ́níyà, tó tún ń kó wọn padà. Ní ìrìn kọ̀ọ̀kan, díẹ̀ nínú èrò a há sọ́nà, wọn kì í bá ọkọ̀ padà mọ́. Lẹ́yìn ìrìn 300 tàbí 400, ọkọ̀ kì í kún mọ́ bí a ti wù kí á ké pe èrò tó. Ìdọ̀tí kan a sì tún máa so mọ́ ẹnu ọ̀nà bí ìpẹtà, ẹnu ọ̀nà a fún. Bí fóònù bá ń ṣe iṣẹ́ kékeré, a ó rò pé agbára ṣì wà. Ṣùgbọ́n bí ó bá di pé kó tan ojú rẹ̀, kó wá nẹ́tíwọ́ọ̀kì, kó sì fi owó ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, agbára tó ń bèèrè kò lè gba ẹnu ọ̀nà tóóró yẹn jáde. Fóònù a gbà pé ó ti tán, a sì kú. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ìjàyè nìyẹn. Kì í ṣe ayé, kì í ṣe ọ̀tá.

Gbogbo bátìrì ni yóò gbó, a kò lè dá ìyẹn dúró. Apple, tó ń ṣe iPhone, sọ fún àwọn oníbàárà rẹ̀ pé bátìrì iPhone 14 àti àwọn tó ṣáájú rẹ̀ yóò ṣì ní 80 pasẹ́ǹtì agbára rẹ̀ lẹ́yìn ìgbà 500 tí a bá lò ó tán tí a sì ṣájì rẹ̀ kún. Láti iPhone 15 lọ sókè, wọ́n ní ìgbà 1,000. Ẹ ṣàkíyèsí pé kì í ṣe iye ìgbà tí a fi wáyà bọ̀ ọ́ ni wọ́n ń kà. Bí a bá lo ìdajì lónìí tí a ṣájì, tí a tún lo ìdajì lọ́la tí a ṣájì, ẹ̀ẹ̀kan péré ni. Nítorí náà, ẹni tó ń sọ pé òun kò fẹ́ máa ṣájì lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ kí bátìrì má baà gbó, ó ń yọ ara rẹ̀ lẹ́nu lásán.

Ibo ni a ti wá rí irú èrò bẹ́ẹ̀? Ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni. Àwa tí a ti lé ní ogójì ọdún, a rántí bátìrì rédíò àti ti tọ́ọ̀ṣì nílé bàbá wa. Bí ohùn rédíò bá ti ń lọ sílẹ̀, bàbá a ní kí á yọ bátìrì, kí á sá a sí orí páànù. Bí ó bá di ọ̀sán, ohùn a tún gòkè díẹ̀, bàbá a sì gbọ́ ìròyìn. Oòrùn ń jí èyí tó kù nínú rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ ni, bátìrì yẹn kì í sì í ṣe èyí tí a ń ṣájì. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ náà wọ̀ wá lára pé oòrùn dára fún bátìrì. Títí di òní, a rí ẹni tó fi fóònù sá oòrùn lẹ́yìn tí òjò pa á, tí ó sì gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀ di ìrọ̀lẹ́.

Lẹ́yìn ìyẹn ni GSM dé Nàìjíríà ní oṣù kẹjọ ọdún 2001. Àwọn kan nínú fóònù ìgbà náà ní bátìrì níkẹ́ẹ̀lì. Àwọn tó tà á fún wa kìlọ̀ pé wákàtí mẹ́jọ ni kí á kọ́kọ́ fi ṣájì rẹ̀, pé kí á má sì ṣájì rẹ̀ mọ́ àfi bí ó bá kú pátápátá. Wọn kò purọ́ tán. Bátìrì níkẹ́ẹ̀lì àtijọ́ a máa ṣe bí ọmọ iṣẹ́ tó ti mọ́ lára láti máa ṣíwọ́ ní agogo méjì. Bí a bá ń ṣájì rẹ̀ ní ìdajì nígbà gbogbo, a fi ìdajì yẹn ṣe òpin rẹ̀. Bátìrì náà ti lọ, ìkìlọ̀ rẹ̀ ni kò lọ. A ṣì ń fi òfin níkẹ́ẹ̀lì tọ́ lítíọ̀mù.

Lítíọ̀mù kì í ṣe ohun àná. Ọdún 1991 ni ilé iṣẹ́ Sony ní Japan kọ́kọ́ gbé e jáde fún títà. Àwọn mẹ́ta tó ṣe iṣẹ́ ọpọlọ tó mú un wáyé, John Goodenough, Stanley Whittingham àti Akira Yoshino, gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 2019. Ẹni ọdún 97 ni Goodenough nígbà tó gbà á, ó sì ṣì ń lọ sí ibi iṣẹ́. A kò sọ èyí kí àwọn ọ̀gá má baà gbọ́ kí wọ́n fi kún ọdún ìfẹ̀yìntì wa o.

Ohun mẹ́ta ni ó ń pa bátìrì yìí ju bí a ti ń lò ó lọ: ooru, kí ó kún dẹ́nu fún ìgbà pípẹ́, àti kí ó ṣófo tán fún ìgbà pípẹ́. Ooru ni ọba wọn, níhìn-ín ní apá ọ̀dọ̀ tiwa pàápàá. Àwọn tó mọ iṣẹ́ bátìrì ti wọ̀n ọ́n. Bí a bá fi bátìrì lítíọ̀mù tó kún pamọ́ fún ọdún kan níbi tí ooru ti jẹ́ dígírì 25, yóò pàdánù bí 20 pasẹ́ǹtì agbára rẹ̀. Bí ibẹ̀ bá jẹ́ dígírì 40, yóò pàdánù bí 35, a kò sì tíì fi pe ẹnikẹ́ni rárá. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ní 40 pasẹ́ǹtì ni a fi í pamọ́ ní dígírì 25, bí 4 péré ni yóò lọ. Ẹ wo bí ìyàtọ̀ náà ti pọ̀ tó. Ní oṣù kejì àti oṣù kẹta, ooru ọ̀sán ní Ìbàdàn àti agbègbè rẹ̀ a máa dé dígírì 34, 35, lábẹ́ ibòji ni o. Inú ọkọ̀ tí a ti gíláàsì rẹ̀ tí a sì gbé sínú oòrùn a ju 50 lọ. Ẹ̀yin awakọ̀ tí ẹ máa ń to fóònù sí iwájú gíláàsì, tí ẹ sì fi wáyà bọ̀ ọ́ níbẹ̀, ìdáná ni ẹ ń dá. Ẹ gbé e sí ìsàlẹ̀, ní ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀, níbi tí oòrùn kò dé.

Àwọn ìyá wa tó ń yan gàrí ní ìhà Lágelú, ẹ dákun, ẹ má fi fóònù sí ẹ̀gbẹ́ ààrò nítorí pé ẹ fẹ́ gbọ́ ìpè. Ẹ fún ọmọ kan mú dání. Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ sí oko lẹ́yìn iṣẹ́, ẹ má kó o sórí apẹ̀rẹ̀. Ẹ fi sí abẹ́ igi, kí ẹ fi aṣọ bò ó. Bí fóònù bá sì ń gbóná nígbà tí a ń ṣájì, ẹ bọ́ ìbora rọ́bà tí a fi wọ̀ ọ́, ẹ má fi sí abẹ́ ìrọ̀rí, ẹ má fi sórí bẹ́ẹ̀dì fóòmù. Orí tábìlì tàbí sìmẹ́ńtì dára jù. Ọmọ ẹgbẹ́ wa kan gbọ́ pé ooru kò dára, ó bá gbé tirẹ̀ sínú fíríìsà. Omi wọ inú rẹ̀, ó kú. A kì í torí pé iná burú kí á lọ kó sódò.

Ọ̀rọ̀ ooru yìí ni ó gbé wa dé ẹnu géètì. Ní ọ̀kan nínú àwọn ilé iṣẹ́ tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa ti ń ṣiṣẹ́ (a kò ní dárúkọ rẹ̀, ẹ̀yin tí ẹ wà níbẹ̀ mọ ara yín), òfin wà pé kí òṣìṣẹ́ kankan má mú fóònù wọlé. Àwa kò bá òfin náà jà, nítorí ẹ̀rọ tó ń yí kò mọ ẹni tó ń wo fóònù. Ṣùgbọ́n inú àpótí irin ni àwọn gáàdì ń kó fóònù wa sí, àpótí náà sì wà níta lójú oòrùn láti agogo méje àárọ̀. Wákàtí mẹ́jọ, nígbà mìíràn méjìlá, bí ofatáìmù bá wà. A kọ̀wé sí máníjà, ó ní fóònù kì í ṣe dúkìá ilé iṣẹ́. Nígbà náà ni arábìnrin wa kan pàdánù ìpè. Wọ́n gbé ọmọ rẹ̀ láti ilé ìwé lọ sí ọsibítù ní agogo mọ́kànlá òwúrọ̀. Wọ́n pe géètì, kò sẹ́ni tó gbé e. Wọ́n pe fóònù rẹ̀. Fóònù náà ti gbóná kú nínú àpótí. Agogo méje alẹ́ ni ó tó gbọ́. Ọmọ náà wà láàyè, a dúpẹ́, ó wà ní kíláàsì kẹrin báyìí. Ṣùgbọ́n ìyá náà kò tíì dárí ji àpótí yẹn.

A tún padà lọ bá máníjà. Lọ́tẹ̀ yìí, a kò mú ìwé lọ. A ra òrí ₦200 nínú ọjà, a fi sínú abọ́ kékeré, a sì bẹ gáàdì kó bá wa gbé e sínú àpótí náà ní agogo mẹ́wàá àárọ̀. Nígbà tó di agogo kan, a gbé abọ́ náà lọ sórí tábìlì máníjà. Gbogbo òrí ti di epo, ó ń mì lọ́tùn-ún lósì. A ní, "Ọ̀gá, ohun tó ṣe òrí báyìí ni ó ń ṣe àwọn fóònù lójoojúmọ́." Ó wò ó fún ìgbà díẹ̀, kò sọ̀rọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n kan pákó oníhò sínú yàrá gáàdì, níbi tí fèrèsé wà, hòró kan fún ẹnì kan, gáàdì sì ń gbé ìpè tó bá ti ilé wá. Ìdajì ohun tí a bèèrè ni a rí gbà. Ìdajì kejì, pé kí iho iná wà níbẹ̀ fún àwọn ṣíìfù alẹ́, a ṣì ń fà á. Ẹ̀yin tí ilé iṣẹ́ tiyín ṣì ń lo àpótí irin, òrí kò wọ́n.

Ó ku kíkún àti òfo. Bí bátìrì lítíọ̀mù bá kún dẹ́nu, ara ń ni ín, bí ẹni tó jẹ iyán yó tán tí wọ́n tún ní kó sáré. Bí ó bá sì ṣófo tán tí a gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó lè má jí mọ́. Láàárín 20 pasẹ́ǹtì sí 80 ni ara rẹ̀ ti ń tù ú jù. A mọ̀ pé ẹni kan yóò sọ pé, "Iná tí a kì í rí, ìgbà wo ni a fẹ́ máa yọ ọ́ ní 80?" Òótọ́ ni. Nígbà tí wọ́n pín wa sí ọ̀wọ́ ọ̀wọ́, tí owó iná àwọn ọ̀wọ́ A gòkè dé ₦225 fún ẹyọ kan ní oṣù kẹrin ọdún 2024, tí wọ́n ṣèlérí wákàtí 20 lójúmọ́ fún wọn, ẹ̀yin ará Àkánrán àti Ìyànà Ọ̀fà mọ ọ̀wọ́ tí ẹ bá ara yín. Bí a kò bá mọ ìgbà tí iná yóò tún dé, ẹ jẹ́ kó kún. Kíkún lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kì í pa á. Ohun tó ń pa á ni kí ó kún, kí ó sì wà lẹ́nu iná títí ilẹ̀ yóò fi mọ́ nínú yàrá tó gbóná, lójoojúmọ́. Níbi tí iná bá ti ń wá tí ó sì ń lọ, ẹ máa bù ú díẹ̀díẹ̀: ìṣẹ́jú 20 níhìn-ín, ìṣẹ́jú 30 lọ́hùn-ún. Lítíọ̀mù fẹ́ràn ìyẹn ju oúnjẹ àjẹkún ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lọ. Àwọn fóònù tuntun mìíràn sì ní ibi tí a lè tẹ̀ nínú wọn kí wọ́n fúnra wọn dúró ní 80. Ẹ ní kí àwọn ọmọ yín bá yín wá a.

Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń gba owó ṣájì ni a ti ń ṣe àṣìṣe yìí jù. A san owó wa, a fẹ́ jẹ ẹ́ tán, a ní kí wọ́n má yọ ọ́ àfi bí ó bá pé 100. Fóònù ogún á wà lórí ara wọn lábẹ́ páànù, jẹnẹrétọ̀ á máa fẹ́ èéfín gbígbóná lù wọ́n. Ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n tẹ́ wọn sílẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹ sì padà lọ gbé tiyín nígbà tó bá tó. Bí iná ìjọba bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ẹ dúró díẹ̀ kí ẹ tó ki ṣájà bọ ihò, nítorí iná a máa ru sókè ní ìbẹ̀rẹ̀. Ṣájà yẹpẹrẹ tó ń gbóná bí ààrò, tó ń dún, owó tí a rò pé a fi pamọ́ lórí rẹ̀, inú bátìrì ni yóò ti gbà á padà.

Ní àwọn abúlé tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò ti já geere, fóònù a máa pariwo wá òpó tí kò rí, títí agbára rẹ̀ yóò fi tán kó tó di ọ̀sán. Bí ẹ kò bá retí ìpè, ẹ tẹ àmì ọkọ̀ òfurufú, tàbí kí ẹ pa á. Ẹ dín ìmọ́lẹ̀ ojú rẹ̀ kù. Èyí tí a kò lò lónìí, a kò ní ṣájì rẹ̀ lọ́la, ọjọ́ ikú bátìrì a sì sún síwájú.

Ẹ wá gbọ́ èyí dáadáa, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Àtùpà àti fáànù tí a ń ṣájì nílé, ọ̀pọ̀ wọn kì í ṣe lítíọ̀mù. Bí ẹ bá gbé e tó wúwo bí òkúta, òjé àti ásíìdì ni ó wà nínú rẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni bátìrì mọ́tò. Ìwà òjé yàtọ̀ pátápátá. Òjé fẹ́ yó. Bí a bá lo àtùpà náà títí ó fi pọ́n bí ẹyin iná tó ń kú, tí a wá gbé e sí igun ilé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nítorí pé iná ń wá déédéé, iyọ̀ líle kan yóò hù sára àwo òjé inú rẹ̀, kò sì ní gba iná mọ́. Lálẹ́ ọjọ́ tí a bá lò ó ni kí á ti máa wá bí a ó ṣe ṣájì rẹ̀ padà. Bí a kò bá lò ó rárá, kí á ṣájì rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Ṣùgbọ́n ẹ má fi í sílẹ̀ lẹ́nu iná fún ọjọ́ méjì, mẹ́ta, nítorí àwọn olówó pọ́ọ́kú kò ní ohun tó ń dá iná dúró nínú wọn; omi inú rẹ̀ yóò gbẹ, ara rẹ̀ yóò sì wú. Tí fóònù tàbí power bank bá jẹ́ ohun tí a fẹ́ fi pamọ́, ìdajì ni kí á fi í sí. Tí ó bá jẹ́ àtùpà olójé, kíkún ni kí á fi í pamọ́.

Bátìrì fóònù tó bá wú bí àkàrà, iṣẹ́ rẹ̀ ti parí. Ẹ má gún un ní abẹ́rẹ́ kí afẹ́fẹ́ lè jáde, bí àwọn kan ti ń ṣe. Iná ni yóò jáde. Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá pàápàá mọ̀ pé kì í ṣe ohun àmúṣeré: ní oṣù kẹjọ ọdún 2007, Nokia kìlọ̀ nípa mílíọ̀nù 46 bátìrì BL-5C, èyí tí gbogbo wa mọ̀ bí ẹni mowó, pé ó lè gbóná jù nígbà tí a bá ń ṣájì, wọ́n sì ní àwọn yóò pààrọ̀ rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

Ibo ni a wá ń ju àwọn tó ti kú sí? Ẹ̀yìn ilé, níbi tí ọmọ ti ń ṣeré. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ní ìhà Ẹ̀gbẹ́dá, ẹ mọ Ọlọ́dó. Níbẹ̀ ni wọ́n ti da pàǹtí òjé láti inú iṣẹ́ bátìrì ọkọ̀ sílẹ̀ nígbà kan rí. Àwọn olùwádìí láti Yunifásítì Ìbàdàn lọ wọn ilẹ̀ náà lẹ́yìn tí wọ́n ti pa á tì, wọ́n sì bá òjé tó pọ̀ rékọjá nínú erùpẹ̀ rẹ̀ àti nínú ewéko tó hù níbẹ̀. Òjé kì í jẹrà, òjò kì í fọ̀ ọ́ tán, ọpọlọ ọmọdé ni ó sì ń bá jà. Ní Zamfara ní ọdún 2010, òjé tó wà nínú òkúta tí wọ́n ń fọ́ wá wúrà pa ọmọdé tó ju 400 lọ. Àtùpà ẹyọ kan kò tó ti Ọlọ́dó, a mọ̀, ṣùgbọ́n a rí àwọn ọmọ tó ń fọ́ bátìrì àtùpà láti yọ òjé rẹ̀ tà fún onírin. Ẹ gbà á lọ́wọ́ wọn. Bátìrì tí kò bá tíì fọ́, ẹ kó o wá síbí ní odidi. Àpótí pákó kan wà lábẹ́ tábìlì akọ̀wé, apá ọ̀tún fún òjé, apá òsì fún ti fóònù. Èyí tó bá ti wú, ẹ fún akọ̀wé lọ́wọ́, ẹ má jù ú sínú rẹ̀. Bí ó bá pọ̀ tó, a ó fi ọkọ̀ kó wọn lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ní àṣẹ láti gbà wọ́n.

Ọ̀rọ̀ iho iná ní yàrá gáàdì yóò wá síwájú nínú ìpàdé wa pẹ̀lú àwọn ọ̀gá lóṣù tó ń bọ̀. Ẹni tí fóònù rẹ̀ bá bàjẹ́ nínú àpótí irin, kó wá kọ orúkọ rẹ̀ àti ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀ sọ́dọ̀ akọ̀wé kó tó lọ lónìí. Ó yá, a ó gba ìbéèrè. Àwa rí i pé àwọn kan gbé àtùpà wọn wá. Ẹ gbé wọn bọ̀ níwájú kí á jọ wò wọ́n, kí bàbá onífìlà ẹ̀yìn lọ́hùn-ún sì jọ̀wọ́ bá wa mú tọ́ọ̀ṣì rẹ̀ dání.